Níbo Gan-an Ni Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ti Ń Bàjẹ́? Àgbéyẹ̀wò Ọ̀nà Láti Orí Tábìlì Dé Ìsàlẹ̀ Òkun

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa" ti di gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni kì í wádìí mọ́. Òṣìṣẹ́ báǹkì á sọ ọ́, oníbàárà á mí kanlẹ̀; oní-POS á sọ ọ́, ẹni tó fẹ́ gbowó á yí ẹsẹ̀ padà; akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì á sọ ọ́, olùkọ́ á fún un ní ọjọ́ méjì sí i. Gbogbo wọn lè máa sọ òótọ́ láìjẹ́ pé ohun kan náà ló ṣe wọ́n. Ti báǹkì lè jẹ́ kébù tí eku jẹ lókè àjà. Ti oní-POS lè jẹ́ máàsì tí dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ti tán. Ti akẹ́kọ̀ọ́ lè jẹ́ kébù tó já lábẹ́ òkun níwájú Abidjan. Ẹni tó bá da àwọn nǹkan wọ̀nyí pọ̀ mọ́ra á máa náwó síbi tí kò bàjẹ́, ó sì dá mi lójú pé ohun tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì wa ń ṣe nìyẹn.

Apá méjì ni ọ̀rọ̀ náà pín sí. Àkọ́kọ́ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ilé, tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní LAN: kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, fóònù àti kámẹ́rà inú ilé kan tàbí ọgbà kan tí a so pọ̀ kí wọ́n lè máa bára wọn sọ̀rọ̀. Èkejì ni ìrìn-àjò tí ọ̀rọ̀ náà ń rìn bó bá ti jáde nínú ọgbà, tó gba ìgboro, ìpínlẹ̀ àti òkun kọjá. Apá kejì yìí ni ìròyìn máa ń gbé, torí owó rẹ̀ pọ̀. Ìyà ojoojúmọ́ wà ní apá kìíní, àti ní ìwọ̀nba ìrìn tó wà láàárín etíkun àti ẹnu ọ̀nà ilé wa.

Ìtàn LAN kò bẹ̀rẹ̀ nínú ọ́fíìsì kankan. Erékùṣù Hawaii ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọgbà yunifásítì ibẹ̀ wà káàkiri erékùṣù, bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ńlá wọn wà ní Honolulu. Ní 1971, Norman Abramson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tan ALOHAnet, ètò tó ń fi ìgbì rédíò gbé dátà kọjá lórí omi. Ìlànà wọn rọrùn débi tó fi dà bíi pé kò lè ṣiṣẹ́: ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ á sọ ọ́, kò ní tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀rọ̀ ẹni méjì bá pàdé lójú afẹ́fẹ́, méjèèjì bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni tí kò bá gbọ́ èsì pé wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ òun gbà á dúró díẹ̀, á tún un sọ. Iye àkókò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ń dúró kò gbọdọ̀ bára mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn méjì tó kọlu ara wọn lẹ́ẹ̀kan á máa kọlu ara wọn lọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àmọ́ òfò ibẹ̀ pọ̀. Ìṣirò fi hàn pé bí ẹnu bá ti pọ̀, ohun tí a lè rí lò nínú agbára ọ̀nà náà kò ju ìdá 18 nínú 100 lọ.

Robert Metcalfe ka iṣẹ́ Abramson nígbà tó ń kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Harvard. Nígbà tó dé ilé iṣẹ́ ìwádìí Xerox ní Palo Alto, ní California, iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ni pé kó so àwọn kọ̀ǹpútà ibẹ̀ pọ̀ mọ́ra àti mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé léésà tuntun. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún 1973, ó kọ ìwé kan sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi tó ti ṣàpèjúwe Ethernet. Òun àti David Boggs ni wọ́n jọ kọ́ ọ. Ó fi nǹkan méjì kún ìlànà Hawaii. Kí kọ̀ǹpútà tó sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ tẹ́tí sí wáyà bóyá ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀. Bó bá sì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ tó gbọ́ pé ọ̀rọ̀ òun àti ti ẹlòmíràn ti kọlu ara wọn, á pa ẹnu mọ́ lójú ẹsẹ̀ dípò kó máa bá ọ̀rọ̀ tó ti bàjẹ́ lọ. Ìwọ̀nba ìwà ọmọlúàbí méjì yìí ló sọ ètò tó ń fi ọ̀nà ṣòfò di èyí tó ń lo ọ̀nà dáadáa. Mẹ́gábíìtì 2.94 ní ìṣẹ́jú àáyá ni Ethernet àkọ́kọ́ yẹn ń gbé. Ní 1980, ilé iṣẹ́ Digital, Intel àti Xerox gbé ìlànà oní-mẹ́gábíìtì 10 jáde fún gbogbo ayé, IEEE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, sì fọwọ́ sí i ní 1983.

Ilé iṣẹ́ IBM gbé ètò LAN tirẹ̀ jáde láàárín àwọn ọdún 1980, tí í ṣe Token Ring. Nínú rẹ̀, àṣẹ ìsọ̀rọ̀ kan ṣoṣo á máa lọ yíká láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Ẹni tí àṣẹ kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ la ẹnu. Lójú tèmi, ètò yìí wuyì ju ti Metcalfe lọ, nítorí kò sí ìkọlù nínú rẹ̀, gbogbo ẹ̀rọ ló sì mọ ìgbà tí yóò kàn án. Ó kú síbẹ̀. Ethernet dínwó, ilé iṣẹ́ tó bá wù ú ló lè ṣe é, ẹni tó ń rà á kò sì béèrè èyí tó wuyì jù.

Kébù Ethernet àkọ́kọ́ nípọn bí ọ̀pá, ẹyọ kan ṣoṣo ló ń gba inú ilé kọjá tó lè gùn tó mítà 500, gbogbo kọ̀ǹpútà á sì máa lu ihò sí i lára. Bí ìdérí tó wà ní ìpẹ̀kun kébù náà bá yọ, àmì á máa ta padà láti ibẹ̀, gbogbo ilé á sì dákẹ́. Ohun tó gbà wá ni wáyà tẹlifóònù. Láti 1881 ni Alexander Graham Bell ti gba ìwé àṣẹ lórí lílọ́ wáyà méjì mọ́ra kí ariwo tó bá wọ ọ̀kan lè wọ èkejì bákan náà, kí wọ́n sì pa ara wọn rẹ́. Ní 1990, IEEE fọwọ́ sí Ethernet tó ń gba irú wáyà lílọ́ bẹ́ẹ̀ kọjá. Láti ìgbà náà, kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní kébù tirẹ̀ tó lọ tààrà sí ẹ̀rọ kan láàárín. Ọdún yẹn náà ni súwíìṣì Ethernet dé ọjà. Súwíìṣì á máa wo nọ́ńbà oníbíìtì 48 tí wọ́n ti kọ mọ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, á rántí ihò tí nọ́ńbà náà wà, á sì darí ìdì dátà sí ẹni tó ni ín nìkan. Ìkọlù tí Metcalfe fi gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ bá jà ti tán nínú kébù báyìí.

Àṣìṣe kékeré kan ṣì wà tó lè da gbogbo rẹ̀ rú. Bí ẹnì kan tó ń tún ilé ṣe bá rí kébù kan tí orí rẹ̀ kan wà nílẹ̀, tó sì fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ kì í bọ inú súwíìṣì tí orí kejì ti wà, ọ̀rọ̀ tí a sọ sí gbogbo èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í yípo láìdúró, á máa pọ̀ sí i, títí ìdì dátà gidi kò fi ní rí àyè kọjá mọ́. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, Radia Perlman, wá ojútùú sí èyí ní 1985: ìlànà tí àwọn súwíìṣì fi ń bá ara wọn jíròrò, tí wọ́n á sì ti ọ̀nà kan pa kí yíyípo má bàa wáyé. Ìlànà náà kì í sí nínú súwíìṣì olówó pọ́ọ́kú tó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ tábìlì.

Kí ọ̀rọ̀ má bàa dúró lókè, ẹ jẹ́ ká lọ sí òpópónà Ọ̀tìgbà ní Ìkejà, ká wo ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe orí kébù. Á fi bíléèdì bó awọ ìta díẹ̀, wáyà 8 á yọ, tí a lọ́ ní méjì-méjì. Á tú wọn, á fi ìka nà wọ́n tààrà, á wá tò wọ́n: funfun olómi-ọsàn, olómi-ọsàn, funfun aláwọ̀-ewé, búlúù, funfun búlúù, aláwọ̀-ewé, funfun búráùn, búráùn. Á gé orí wọn kó dọ́gba, á tì wọ́n bọ inú ike RJ45 títí yóò fi rí bàbà wọn lẹ́nu rẹ̀, á sì fi kirímpà tẹ̀ ẹ́ kó dún. Lẹ́yìn náà á fi tẹ́sítà dán an wò: iná 1, 2, 3, títí dé 8. Ẹ ti rí i, ẹ̀gbọ́n, ó ń ṣiṣẹ́.

Ibí gan-an ni mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀. Tẹ́sítà oníná 8 yẹn mọ̀ bóyá wáyà dé òdì kejì. Kò mọ̀ bóyá ó dé dáadáa. Oníṣẹ́ tí kò mọ ìdí ètò àwọ̀ náà lè to wáyà bó ṣe wù ú, kó sì tò ó bákan náà ní orí méjèèjì. Iná 8 á tàn. Ṣùgbọ́n wáyà 3 àti 6 ló yẹ kó jẹ́ èjì tí a lọ́ pọ̀; bí wọ́n bá wá láti inú èjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pípa tí ariwo ń pa ara rẹ̀ rẹ́ kò sí mọ́. Kébù náà á ṣiṣẹ́ bí dátà bá kéré, á sì máa gbọ̀n bí iṣẹ́ bá pọ̀. Bákan náà ni ti ẹni tó tú wáyà lọ títí kó tó tẹ ike mọ́ ọn. Èyí tó burú jù ni kébù tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe tí wọ́n sì fi bàbà tín-ín-rín bò, tí wọ́n ń tà ní orúkọ bàbà. Ó fúyẹ́, ó tètè ń ṣẹ́, agbára iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá kì í sì í dé ọ̀dọ̀ kámẹ́rà tó bá jìnnà dáadáa. Ẹ fi bíléèdì ha ojú wáyà kan: bó bá funfun nínú, ẹ dá a padà. Bó tilẹ̀ jẹ́ bàbà ògidì, mítà 100 ni òpin rẹ̀. Àwọn tó ń na kébù kan ṣoṣo láti ilé-ẹ̀kọ́ dé ilé ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ń tan ara wọn jẹ.

Wi-Fi wá dé. Ní 1985, àjọ tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà ṣí àwọn ìgbì kan sílẹ̀ fún ìbánisọ̀rọ̀ tí kò nílò ìwé àṣẹ, títí kan 2.4 GHz tí ààrò máíkírówéèfù ti ń lò. Ìlànà Wi-Fi àkọ́kọ́ jáde ní 1997, mẹ́gábíìtì 2 péré. Ní 1999 ó di 11. Ohun tí mo máa ń rí bí awàdà nínú ìtàn yìí ni pé Ethernet kúrò nínú afẹ́fẹ́ Hawaii bọ́ sínú kébù, ó fi ogún ọdún bọ́ lọ́wọ́ ìkọlù, àwa náà sì tún gbé e padà sínú afẹ́fẹ́. Gbogbo ẹni tó wà lórí ráútà kan ló ń pín ẹnu kan ṣoṣo lò, wọ́n sì ń pín in pẹ̀lú aládùúgbò. Ní 2.4 GHz, ìkànnì 3 péré ni kò gun ara wọn lórí: 1, 6 àti 11. Ẹ wá ro ilé alájà mẹ́rin kan ní Sùúrùlérè tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ti ní ráútà tirẹ̀. Lórí 5 GHz àyè pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ògiri búlọ́ọ̀kù tètè ń pa á. Ráútà tí wọ́n tì sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, tàbí tí wọ́n gbé sínú kọ́bọ́ọ̀dù nítorí pé iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, ti pàdánù ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹni tó lọ ra ìpele íntánẹ́ẹ̀tì tó ga sí i dà bí ẹni tó gbé táǹkì omi ńlá sórí ilé tó sì fi páìpù kékeré àtijọ́ sílẹ̀.

Kí a tó jáde nínú ọgbà, ẹ jẹ́ ká ya LAN àti íntánẹ́ẹ̀tì sọ́tọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ohun kan náà ni. Nọ́ńbà bíi 192.168.1.1 tí ráútà ń jẹ́ kò ní ìtumọ̀ lẹ́yìn ògiri ilé yín. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ló ń lò ó lẹ́ẹ̀kan náà, láti 1996 ni wọ́n sì ti ya irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìlò inú ilé. Nítorí náà LAN lè máa ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á tẹ̀wé, kámẹ́rà á gba àwòrán sílẹ̀, fáìlì á sì lọ láti yàrá kan sí òmíràn. Gbọ̀ngàn CBT tí àwọn ọmọ wa ti ń ṣe ìdánwò JAMB, LAN ló so kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ pọ̀. Ìdì dátà Ethernet kan kì í gbé ju báìtì 1,500 lọ, nítorí náà fọ́tò kan tó tó kílóbáìtì 150 á di ìdì 100 ó kéré tán kí ó tó kúrò lórí tábìlì. Inú àwọn ìdì wọ̀nyí ló máa rin ìyókù ọ̀nà.

Ìrìn tó jìnnà ní ọ̀tá méjì: àmì ń rẹ̀ bó ṣe ń lọ, ariwo sì ń kún un. Láyé ẹ̀rọ àtijọ́, bí àmì bá ti rẹ̀, wọ́n á gbé e sókè ní agbedeméjì ọ̀nà, ariwo á sì bá a ga sókè. Ìdí nìyẹn tí ìpè láti Kánò fi máa ń dún bí ẹni tó wà nínú àgbá. Nígbà tí wọ́n sọ ohùn di nọ́ńbà, ẹ̀rọ agbedeméjì kò tún ní láti gbé ariwo sókè: á kàn pinnu bóyá 0 ni tàbí 1, á sì tún un kọ ní mímọ́. Ìgbà 8,000 ni wọ́n ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan jẹ́ bíìtì 8, nítorí náà ìpè kan jẹ́ bíìtì 64,000. Wọ́n á kó ìpè 30 àti ìkànnì 2 fún àkóso pọ̀ sínú ọ̀nà kan tó ń gbé mẹ́gábíìtì 2.048, E1 ni àwọn oníṣẹ́ tẹlifóònù wa ń pè é.

Claude Shannon, onímọ̀ ìṣirò, ló fi òpin lélẹ̀ fún gbogbo irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní 1948. Ó fi ìṣirò hàn pé ohun méjì ló ń pinnu iye tí ọ̀nà kan lè gbé: fífẹ̀ rẹ̀, àti bí àmì ṣe lágbára tó sí ariwo. Agbára kò mú èrè púpọ̀ wá. Lórí ọ̀nà tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, bí ẹ bá sọ agbára àmì di ìlọ́po méjì, bíìtì kan péré ni ẹ máa rí kún un lórí Hertz kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá. Bí ẹ bá fẹ ọ̀nà sí ìlọ́po méjì, ohun tó ń gbà á kọjá á súnmọ́ ìlọ́po méjì. Èyí ló ṣàlàyé ìdí tí ilé iṣẹ́ MTN àti Mafab fi gbà láti san mílíọ̀nù 273.6 dọ́là lẹ́nì kọ̀ọ̀kan ní oṣù Kejìlá 2021 nítorí MHz 100 fún 5G ní Naijíríà. Fífẹ̀ ni wọ́n rà.

Bí fífẹ̀ bá ni ẹ ń wá, kò sí ohun tó tó ìmọ́lẹ̀ nínú gíláàsì. Ní 1966, Charles Kao, ọmọ Ṣáínà tí wọ́n bí ní Shanghai, àti George Hockham tẹ ìwé kan jáde láti ilé iṣẹ́ ìwádìí kan ní Harlow, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ìdọ̀tí inú gíláàsì ló ń pa ìmọ́lẹ̀, gíláàsì fúnra rẹ̀ kò jẹ̀bi. Bí a bá lè fọ̀ ọ́ mọ́ títí ìdá kan nínú 100 ìmọ́lẹ̀ yóò fi ṣẹ́kù lẹ́yìn kìlómítà kan, a lè fi sọ̀rọ̀. Ní 1970, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní ilé iṣẹ́ Corning ní Amẹ́ríkà kọjá ààlà yẹn. Lónìí, ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ rin tó kìlómítà 100 nínú fáíbà kí ó tó ku ìdá kan nínú 100. Wọ́n fún Kao ní ẹ̀bùn Nobel ní 2009. Kébù fáíbà àkọ́kọ́ la òkun Àtìláńtíìkì kọjá ní 1988.

Ìtàn tiwa bẹ̀rẹ̀ láti inú òkun. Ní 1886 ni kébù tẹlígíráàfù so Èkó mọ́ Lọ́ńdọ̀nù, kí ó lè rọrùn fún ìjọba amúnisìn láti ránṣẹ́ sílé. Ìlànà yẹn, pé kí Èkó tètè bá òkè òkun sọ̀rọ̀ kó tó bá Ìṣẹ́yìn sọ̀rọ̀, kò tíì tán títí dòní. Ní 1960, ìlà tẹlifóònù 18,724 ló wà ní gbogbo Naijíríà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, wọ́n gbé abọ́ sátẹ́láìtì ńlá kalẹ̀ ní Lanlátẹ̀, ní Ìbàràpá, ibẹ̀ sì ni ìpè sí òkè òkun ń gbà lọ. NITEL, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, dé ní 1985. Nígbà tí GSM bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 2001, ìlà tẹlifóònù oníwáyà kò tíì pé mílíọ̀nù kan.

Àìsí wáyà bàbà yẹn ni mo rò pé ó ṣàlàyé íntánẹ́ẹ̀tì wa ju ohunkóhun lọ. Ní Yúróòpù, nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dé, wáyà tẹlifóònù ti wà ní ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé. Wọ́n kàn yí ohun tó ń gba inú rẹ̀ padà ni. Níbí, máàsì ló dí àlàfo náà. Máàsì kan á máa pín afẹ́fẹ́ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún fóònù, abọ́ máíkírówéèfù tó wà lára rẹ̀ á máa ju ẹrù náà sí máàsì tó kàn tó bá ń rí i lójú, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi kan fáíbà. Dísẹ́ẹ̀lì ló ń gbé púpọ̀ nínú wọn ró.

Nínú òkun, ipò wa ti yàtọ̀ pátápátá. Nínú àwọn kébù fáíbà, SAT-3 ló kọ́kọ́ dé, ní 2002. Ní oṣù Keje 2009 ó bàjẹ́ nítòsí etíkun Orílẹ̀-èdè Benin, púpọ̀ nínú íntánẹ́ẹ̀tì Naijíríà sì bá a lọ, nítorí pé òun nìkan la gbójú lé. Lẹ́yìn ìyẹn ni MainOne àti Glo-1 dé ní 2010, WACS ní 2012, ACE náà sì tẹ̀ lé wọn. Equiano tí Google ṣe gúnlẹ̀ ní Lomé ní oṣù Kẹta 2022 kó tó dé Èkó ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Agbára tí wọ́n ṣe é fún jẹ́ térábíìtì 144 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, WACS, MainOne, SAT-3 àti ACE já lẹ́ẹ̀kan náà níwájú Côte d'Ivoire. Ibi tó ti ṣẹlẹ̀ jìn débi pé ìdákọ̀ró ọkọ̀ kò lè dé ibẹ̀. Àwọn tó ni kébù fura sí yíyọ́ ilẹ̀ àti àpáta lábẹ́ omi. Báǹkì dákẹ́, ọjà ìdókòwò ìpín ní Gánà sì fa àkókò ìṣòwò rẹ̀ gùn. Ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì Naijíríà kò kú bíi ti 2009: Equiano wà lójú ọ̀nà tirẹ̀, ó gba púpọ̀ nínú ẹrù náà, kí ọkọ̀ àtúnṣe tó parí iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀.

Bí òkun bá ti ní àyè tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí íntánẹ́ẹ̀tì Ògbómọ̀ṣọ́ kò rí bíi ti Lekki? Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ títì. Katakata tó ń fẹ ọ̀nà á hú fáíbà jáde, àwọn tó ń jí bàbà á gé e nítorí wọn ò mọ̀ pé gíláàsì ni. Ìjọba ìpínlẹ̀ sì ń gba owó lórí mítà kọ̀ọ̀kan tí a bá gbẹ́. Ní 2020 àwọn gómìnà fohùn ṣọ̀kan lórí ₦145 fún mítà kan. Àwọn kan pa á mọ́, àwọn kan tilẹ̀ fi í lélẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn kan sì ń bá ìdúnàádúrà lọ bí ẹni tó ń ta ilẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2024, àṣẹ Ààrẹ sọ kébù àti máàsì di ohun ìní pàtàkì orílẹ̀-èdè tó yẹ kí a dáàbò bò. Àṣẹ nìyẹn o. Katakata kì í ka ìwé.

Àwọn tó ń tún un so kì í sí nínú ìròyìn. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ kan rán ìmọ́lẹ̀ sínú fáíbà, ìmọ́lẹ̀ á ta padà níbi tó ti já, ẹ̀rọ á ṣírò àkókò tó fi lọ bọ̀, á sì sọ iye mítà tó jìnnà sí. Wọ́n á wakọ̀ lọ síbẹ̀, wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á ta agboòrùn ńlá. Gíláàsì kọ̀ọ̀kan nípọn tó ìdá kan nínú 8 mílímítà, ibi tí ìmọ́lẹ̀ sì ń gbà láàárín rẹ̀ kò ju ìdá 9 nínú 1,000 mílímítà lọ. Wọ́n á bó o, wọ́n á fi ọtí líle nù ún, wọ́n á fi abẹ gé e kí ojú rẹ̀ tẹ́jú pátápátá, wọ́n á sì gbé méjèèjì sínú ẹ̀rọ tó máa fi mànàmáná yọ́ wọn pọ̀. Ekuru kan ṣoṣo ti tó láti bà á jẹ́. Nínú kébù tó ní ẹyọ 96, ìgbà 96 ni wọ́n máa ṣe èyí, lẹ́bàá títì tí tírélà ń gbá eruku sókè.

Sátẹ́láìtì ni àwọn kan wá sá sí. Ti àtijọ́ wà ní kìlómítà 35,786 lókè. Lílọ àti bíbọ̀ ọ̀rọ̀ ń gba ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, òfin ìṣẹ̀dá ni, kò sí owó tó lè dín in kù. NigComSat-1 tí Naijíríà fi ránṣẹ́ sókè ní 2007 bàjẹ́ ní 2008, wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní 2011. Starlink tó dé ní oṣù Kìíní 2023 ń fò ní nǹkan bí kìlómítà 550, nítorí náà kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó dára fún abúlé tí fáíbà kò dé. Ní àárín Èkó, afẹ́fẹ́ pínpín náà ni, ó sì ní iye èèyàn tó lè gbà.

Ohun kan ṣì kù tí kì í pariwo. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìmeèlì láti Ìkejà sí Yábàá máa ń gba Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà kọjá, torí àwọn ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì wa kò ní ibi tí wọ́n ti ń pàdé. Ní 2006 ni wọ́n dá IXPN sílẹ̀ ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ń gbé ẹrù lé ara wọn lọ́wọ́ nílé. Ìgbésẹ̀ yẹn ṣe wá láǹfààní ju kébù òkun kan lọ lójú mi, owó rẹ̀ kò sì tó ìpín kékeré nínú ti kébù òkun.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí tirẹ̀ ti ń bàjẹ́ lè fi ping, àṣẹ tó ń wọn àkókò tí èsì fi ń padà dé, wá a lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, láti ìtòsí lọ sí jíjìn. Ẹ kọ́kọ́ ping ráútà. Lórí kébù, èsì kò gbọdọ̀ ju mílísẹ́kọ́ńdù kan tàbí méjì lọ. Lórí Wi-Fi tó dára, kò yẹ kó ju bíi 10 lọ. Bó bá ń fò láti 5 sí 300, inú ilé yín ni ẹjọ́ wà: ẹ gbé ráútà kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù, tàbí kí ẹ na kébù. Bí ti ráútà bá dára, ẹ gbìyànjú ibùdó kan tó wà ní Èkó. Bí èyí bá burú, ọ̀nà láàárín yín àti ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ni, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti pè wọ́n kí ẹ sì ka nọ́ńbà náà fún wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni Lọ́ńdọ̀nù. Ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bí kìlómítà 200,000 nínú gíláàsì ní ìṣẹ́jú àáyá, ìlú méjèèjì sì fi bíi 5,000 jìnnà síra wọn, nítorí náà ẹnikẹ́ni tó bá ṣèlérí fún yín pé èsì á dé kí mílísẹ́kọ́ńdù 50 tó pé ń purọ́. Nítorí pé kébù ń yí etíkun po, ó ṣọ̀wọ́n kó tó dín ní 80. Bó bá wà láàárín 80 sí 120, kò sí ohun tó ṣe òkun.